Ayẹyẹ ẹni mímọ́ la ń lọ ṣe ní Róòmù, òkú Póòpù la bá níbẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹrin 2025. London.

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì láàárọ̀ yìí ni Póòpù Francis dákẹ́, ní Casa Santa Marta, ilé àlejò tó sọ di ibùgbé láti ìgbà tó ti gorí oyè lọ́dún 2013. Kádínà Kevin Farrell ló kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Kí n tó ka ìròyìn náà tán, WhatsApp ẹgbẹ́ onírìn-àjò ṣọ́ọ̀ṣì wa ti gbóná. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: ṣé a ṣì ń lọ?

Torí Carlo Acutis la ṣe fẹ́ lọ. London níbí ni wọ́n bí ọmọkùnrin náà lọ́dún 1991, Ítálì ló dàgbà sí, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á lọ́dún 2006 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùndínlógún. Póòpù fúnra rẹ̀ ni ì bá kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Kò tó ọ̀sán tí wọ́n fi ní àwọn ti sún ayẹyẹ náà síwájú, wọn ò sì dá ọjọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n dá owó àwọn padà. Owó bàálù kì í padà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú wa, ló fi ohùn tó gbà sórí WhatsApp parí ọ̀rọ̀ náà báyìí: "Fadá, ẹ má dá wọn lóhùn. Ọmọdé la fẹ́ lọ bá ṣọdún, àgbà wá kú nínú ilé. Ṣé a ó wá jókòó sílé ni?"

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Àná òde yìí, lọ́jọ́ Àjíǹde, gbogbo wa la rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì í jáde sí ojú pèpéle òkè, ó kí ayé kú ọdún, ohùn náà ò jáde dáadáa, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Diego Ravelli ló bá a ka ìyókù. A rò pé ó parí nìyẹn. Àfi bí mọ́tò funfun náà ṣe jáde sí àárín èrò, tí bàbá wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ọmọ ọwọ́ fún un kó súre fún. Ìyá mi ní Ìbàdàn pè mí lálẹ́ àná pé, "Bàbá yẹn ń dágbére o." Mo ní kí wọ́n má wí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹrin. London sí Róòmù.

Bàálù gbéra láàárọ̀, ó sì balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Fiumicino láìsí wàhálà. A wọ ọkọ̀ ojú irin dé Termini. Òtẹ́ẹ̀lì wa kò jìnnà síbẹ̀, ládùúgbò Esquilino, nítorí ibẹ̀ lowó mọ níwọ̀n. Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ lásán la máa fi rìn débi tí wọ́n ti máa sin ín. Ìwé ìhágún rẹ̀ tí wọ́n ka síta lánàá, tó kọ lóṣù Kẹfà ọdún 2022, sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore ni kí wọ́n gbé òun lọ. Inú ilẹ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ ibojì náà sí, láìsí ọ̀ṣọ́, kí wọ́n sì kọ *Franciscus* nìkan sí i. Ó tún ní ẹnì kan ti fún òun lówó tí wọ́n máa ná sí i. Bàbá ti san owó sàréè rẹ̀ sílẹ̀!

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka bí wákàtí tó kẹ́yìn ṣe lọ. Massimiliano Strappetti, nọ́ọ̀sì rẹ̀, ló bi lọ́jọ́ Àjíǹde pé ṣé ó rò pé òun lè wọ àárín èrò, tó sì padà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó mú òun padà dé gbàgede Pétérù Mímọ́. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí Ajé, ara yí padà. Ó juwọ́ sí nọ́ọ̀sì náà látorí ibùsùn, kò sì tún mọ ohun tó ń lọ mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni dókítà kọ sínú ìwé, ó ní ọkàn náà sì dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àìsàn yìí ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ lórí rẹ̀, torí òun ló ń yí mi lọ́kàn láti bí oṣù méjì. Ọjọ́ 14 Oṣù Kejì ni wọ́n gbé e wọ ilé ìwòsàn Gemelli. Wọ́n kọ́kọ́ ní àyà ló dí. Ní ọjọ́ 18, wọ́n ní òtútù àyà ti mú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ẹ̀dọ̀fóró ẹni ọdún 88 tí wọ́n ti gé lára ọ̀kan nínú rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ní ọjọ́ 22, èémí fẹ́ẹ̀ má lọ mọ́, wọ́n fún un ní ọ́síjìn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Gbogbo èyí ni wọ́n sọ. Láràárọ̀, Fátíkàn á ní Póòpù sùn dáadáa tàbí kò sùn dáadáa. Bó bá di alẹ́, ìròyìn dókítà á tún jáde. Ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹta, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ fún àwọn tó ń ka rósárì ní gbàgede. Ohùn ẹni tí èémí ń gbé sẹ́nu ni. Ẹlòmíì nípò rẹ̀ ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Nílẹ̀ wa, ta ló ń gbọ́ pé ọba ń ṣàìsàn? "Ó rẹ Kábíyèsí díẹ̀" ni wọn á máa wí títí tí ilé á fi wó. Bó bá sì wàjà, àwọn tó wà láàfin á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀ ná. Fátíkàn náà ò yàtọ̀ láyé àtijọ́. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ara Póòpù máa ń yá gágá títí di ọjọ́ tó bá kú. Èyí yàtọ̀. Bàbá yìí jẹ́ ká rí òun nínú àìlera, kò sì tijú.

Ọjọ́ 38 ló lò ní Gemelli. Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, 23 Oṣù Kẹta, ó yọjú sí èrò láti òkè, ó sì rí obìnrin kan tó gbé òdòdó aláwọ̀ ìyeyè dání, ó ní òun rí i o, ó ṣeun. Kó tó délé, ó ní kí wọ́n gba iwájú Santa Maria Maggiore. Ó na òdòdó yẹn sí Kádínà Rolandas Makrickas nínú mọ́tò, kó lọ gbé e síwájú àwòrán Màríà tó wà nínú ibẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní *Salus Populi Romani*. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí Francis fúnra rẹ̀ ti wá gbàdúrà níwájú àwòrán yẹn. Bó bá ń lọ sí ìrìn-àjò, á yà, bó bá dé, á yà. Dókítà ní kó sinmi oṣù méjì. Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ẹ̀wọ̀n Regina Coeli ló wà láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹrin.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé pósí kúrò ní Santa Marta lọ sí Básílíkà Pétérù Mímọ́, àwọn kádínà níwájú, àwọn ẹ̀ṣọ́ Switzerland lẹ́gbẹ̀ẹ́. A ò sí níbẹ̀ o, orí fóònù la ti wò ó níbi tí a ti ń jẹun àárọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán la wọ métrò A lọ sí Ottaviano, a sì tò.

Ẹni tó bá mọ ìlà epo bẹntiróòlù ní Nàìjíríà kò mọ ìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà Via della Conciliazione, ó wọ gbàgede, ó yí, ó tún yí, ó sì ń sún bí ìgbín. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó wọ ẹ̀wù olómi ọsàn ń pín omi. Níwájú wa, ìyá àgbà ará Ítálì kan gbé àpótí ìjókòó tó ṣeé ká dání. Bí ìlà bá dúró, á jókòó, bó bá sún, á ká a. Ó fi lọ Ìyá Ìbejì, ìyẹn ní "Rárá, ẹ ṣeun Mà," ní Yorùbá, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn méjèèjì ti ń fi àwòrán ọmọ-ọmọ han ara wọn, bẹ́ẹ̀ èdè kan kò pa wọ́n pọ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá ká tó gba Ilẹ̀kùn Mímọ́ wọlé. Ọdún Júbílì ni, ìyẹn ni ilẹ̀kùn náà ṣe wà ní ṣíṣí. Lójijì ohùn gbogbo èèyàn wálẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ gbà mí lójú ni bí pósí náà ṣe wà nílẹ̀ tó. Àwọn Póòpù tó ṣáájú, orí ìtẹ́ gíga ni wọ́n máa ń tẹ́ wọn sí, ìwọ á máa gbójú sókè wò wọ́n. Òun ní òun ò fẹ́. Wọ́n gbé e sínú pósí onígi tó ṣí sílẹ̀, wọ́n kàn fi nǹkan gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè kọjú sí èèyàn. Ẹ̀wù pupa, fìlà bíṣọ́ọ̀bù funfun, rósárì lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti rù. Àmì dúdú kan wà lára rẹ̀ lápá òsì, bóyá ojú mi ló rí i bẹ́ẹ̀.

Wọn ò fún wa láyè ju kí èèyàn sàmì àgbélébùú. Wọ́n ní kí a má ya fọ́tò, síbẹ̀ fóònù ń fò sókè. Inú bí mi. Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀ kúnlẹ̀ wọlẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí a ti ń kí bàbá ẹni nílé. Ẹ̀ṣọ́ sún mọ́ ọn kó ní kó dìde, ó wò ó, ó sì tún fi í sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí a jáde mo bi í pé kí lẹ sọ? Ó ní, "Mo ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa wọlé títí mọ́jú. Nítorí èrò, wọn ò ti ilẹ̀kùn Básílíkà náà lóru yìí àfi fún wákàtí kan àti ààbọ̀ ní ìdájí.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin.

Ẹsẹ̀ wú. A sùn di ọ̀sán. A lọ sọ́jà Piazza Vittorio lọ wá ata, a rí ata, a sì rí ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú. Kò sóhun míì.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kẹrin.

Ọjọ́ ìsinmi ni ní Ítálì, ọjọ́ tí wọ́n ń rántí òmìnira wọn lọ́wọ́ ìjọba apàṣẹwàá lọ́dún 1945. Ní aago méje alẹ́ wọ́n dá èrò dúró. Iye tí Fátíkàn kà láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà jẹ́ nǹkan bí 250,000. Aago mẹ́jọ ni wọ́n dé pósí.

Èyí ni wọn kì í jẹ́ kí ará òde wò, ṣùgbọ́n wọ́n ṣàlàyé ètò rẹ̀. Wọ́n ta aṣọ sílíkì funfun bò ó lójú. Wọ́n kó owó irin tí wọ́n rọ nígbà ìjọba rẹ̀ sínú àpò kan, wọ́n gbé e tì í. Wọ́n ka ìwé kan tó sọ ìgbésí ayé rẹ̀ láti Buenos Aires níbi tí wọ́n ti bí i lọ́dún 1936, wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi sínú páìpù irin, wọ́n tì í mọ́ ọn nínú pósí. Lẹ́yìn náà ni ìdérí. Láyé àtijọ́, pósí mẹ́ta ni wọ́n máa ń kì bọ inú ara wọn fún Póòpù: onígi sàípírẹ́sì, onílẹ́ẹ̀dì, àti onígi míì tún lé e. Francis fúnra rẹ̀ ló yí òfin náà padà ní ọdún 2024. Pósí kan ṣoṣo onígi, tí wọ́n tẹ́ síńkì sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ná owó lórí pósí ní Èkó á mọ ohun tí mo ń wí. Ohun tí Póòpù fi sílẹ̀, ẹlòmíì á lọ yá owó kó lè rà á fún bàbá rẹ̀, torí kí àwọn àna má bàa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Fadá àtàwọn púpọ̀ fẹ́ lọ sí gbàgede látòru. Ìyá Ìbejì ní ẹsẹ̀ òun ò gbà á. Èmi náà ní n kò fẹ́ lọ wo ẹ̀yìn orí àwọn ààrẹ. A pinnu pé a óò dúró níbí tí wọ́n máa gbé e wá, ní Via Merulana.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹrin. Ìsìnkú.

Aago mẹ́wàá ni Mísà bẹ̀rẹ̀ ní gbàgede. Àwa ti gba àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí ọlọ́pàá tò sí etí títì kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ẹni tó ní rédíò tan rédíò, ẹni tó ní fóònù tan fóònù, ìjọ kan náà la sì jẹ́ ní gbogbo òpópónà yẹn. Tí wọ́n bá dìde ní Fátíkàn, àwa tó wà ní Merulana á bọ́ fìlà.

Kádínà Giovanni Battista Re, ẹni ọdún 91, ló wàásù. Ó rántí pé erékùṣù Lampedusa ni ìrìn-àjò àkọ́kọ́ Francis lọ́dún 2013, níbi tí òkun ti ń gbé òkú àwọn aṣíkiri. Mo mọ ẹni tó gba ọ̀nà yẹn, n ò ní dárúkọ. Nígbà tí kádínà náà sọ pé Póòpù ní ká kọ́ afárá, ká má mọ odi, àtẹ́wọ́ bú ní gbàgede, ó sì bú lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Ààrẹ Amẹ́ríkà wà níjókòó níwájú. Àná kọ́, lónìí kan náà, kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, òun àti Zelenskyy, ààrẹ Ukraine, ti jókòó sórí àga méjì nínú Básílíkà, wọ́n forí korí. Akpabio, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ló ṣojú fún Nàìjíríà. Wọ́n gbàdúrà ní onírúurú èdè, títí kan ti Ṣáínà. Àwọn Àgùdà ìlà oòrùn náà kọ orin tiwọn ní èdè Gíríìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, orin tó fa gùn tó ń wọni lára, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí.

Aago kan ń lọ lù nígbà tí a gbọ́ alùpùpù ọlọ́pàá. Wọ́n ti gbé e kọjá Piazza Venezia, wọ́n gba iwájú Colosseum, wọ́n yà sí Via Labicana, wọ́n já sí ọ̀dọ̀ wa. Nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà ni gbogbo ọ̀nà náà. Mọ́tò Póòpù kan, irú èyí tó fi máa ń yí gbàgede ká, ni wọ́n tún ṣe láti gbé pósí. Ìdérí onígi, àgbélébùú lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ hàn gedegbe. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi débi tí mo lè ka ìlà ara pákó náà.

Àwọn ará Ítálì pàtẹ́wọ́. Wọn ò sunkún, wọn ò kọrin, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa bí ó ti ń kọjá, láti ẹsẹ̀ òpópónà dé orí rẹ̀. Àwọn kan ń ké "Ciao, Francesco!" Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan nínú ẹgbẹ́ wa fajú ro, ó ní kì í ṣe tíátà. Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ní ilé tiwa, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún tó kú sórí ibùsùn rẹ̀ lẹ́yìn tó ti kí ará ilé pé ó dàbọ̀, ìlù ni, ijó ni. Ó dá orin sílẹ̀ wẹ́rẹ́, mo gbè é, ọmọkùnrin Gánà kan lẹ́yìn wa ń fi àtẹ́wọ́ lù ú fún wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Santa Maria Maggiore, a kò rí i tán nítorí èrò, orí ẹ̀rọ ni mo ti rí i dáadáa lẹ́yìn náà. Bí ogójì èèyàn ló dúró dè é, òdòdó róòsì funfun kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn: tálákà, aláìnílé, aṣíkiri, ẹlẹ́wọ̀n, àtàwọn tó yí ara wọn padà láti ọkùnrin sí obìnrin tàbí láti obìnrin sí ọkùnrin. Àwọn ọba àtààrẹ ti kí i tán lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń wá ọkọ̀ wọn. Àwọn wọ̀nyí ló kí i kẹ́yìn kó tó wọlé. Ìdílé rẹ̀ àtàwọn kádínà mélòó kan ló wà níbi tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ sínú ilẹ̀, wọn ò gbé kámẹ́rà wọ ibẹ̀. Aago kan ààbọ̀, ó ti parí.

Wọ́n ní àwọn tó jáde, pẹ̀lú àwa tó wà létí ọ̀nà, lé ní 400,000. Mo gbà.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹrin.

Ọjọ́ Carlo ì bá jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá torí ẹ̀ láti gbogbo ayé kò padà sílé, Kádínà Pietro Parolin ló ṣe Mísà fún wọn ní gbàgede. Fadá kó àwọn tiwa lọ síbẹ̀. Èmi àti Ìyá Ìbejì ò lọ, sàréè la lọ wò, wọ́n ṣí i fún ará ìlú láàárọ̀ yìí.

Ìlà tún wà, ṣùgbọ́n ó ń yára. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ibojì náà wà, láàárín ilé àdúrà tí àwòrán Màríà wà àti ilé àdúrà Sforza. Ààyè kan tí wọ́n máa ń tọ́jú ọ̀pá àbẹ́là sí ni tẹ́lẹ̀. Òkúta funfun rẹ́súrẹ́sú láti Liguria, níbi tí àwọn baba ńlá ìyá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. *FRANCISCUS.* Kò sí ọjọ́ ìbí, kò sí ọjọ́ ikú, kò sí "Póòpù". Ẹ̀dà àgbélébùú tó máa ń so mọ́ àyà wà lára ògiri lókè, iná kékeré kan tàn sí i, róòsì funfun kan sì wà lórí òkúta. Àwọn Póòpù méje ló ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣáájú rẹ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ ibojì méjì nínú wọn kọjá, ère ńláńlá, òpó òkúta aláràbarà. Lẹ́tà kan nínú orúkọ náà jìnnà sí èkejì jù lójú mi, ẹni tó gbẹ́ ẹ kò wọ̀n ọ́n dáadáa. Ìyá Ìbejì ní kí n fi òkú sílẹ̀ kó sinmi.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹrin. Fiumicino.

Bí a ti ń dúró de bàálù la gbọ́ pé àwọn kádínà ti dá 7 Oṣù Karùn-ún fún ìdìbò Póòpù tuntun. Kádínà Peter Okpaleke wà lára àwọn tó máa dìbò. Kádínà Arinze ti ju ọmọ ọgọ́rin ọdún lọ, kò lè wọlé. Lójú ẹsẹ̀ làwọn ará wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan Póòpù ní ìdí kọfí, wọ́n ń jà.

Fadá ní kí ẹni tó bá fẹ́ padà wá nígbà tí wọ́n bá dá ọjọ́ Carlo kọ orúkọ sílẹ̀. Orúkọ Ìyá Ìbejì ló ṣáájú. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àbúrò, tìrẹ ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tó kù ní báńkì.